Pápá Tí Kò Lé Ọmọbìnrin: Ẹgbẹ́ Kolbotn ní Ilẹ̀ Nọ́rwè

 Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ti parí iṣẹ́ àṣetiléwá yín, ẹ súnmọ́ rédíò. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì parí rẹ̀, ẹ fi gègé sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kan ọmọdé, ó kan òbí, ó sì kan àwa olùkọ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ òtútù ni, àti ti ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí ó jẹ́ ti gbogbo ará ìlú náà.

Kolbotn ni orúkọ ìlú náà. Orílẹ̀-èdè Nọ́rwè ni ó wà, ní apá àríwá Yúróòpù. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Oslo, tí í ṣe olú-ìlú, tí ẹ sì kọjú sí gúúsù, kò ní tó ìdajì wákàtí tí ẹ ó fi dé ibẹ̀. Adágún omi kan wà ní ìlú náà, igbó sì wà ní àyíká rẹ̀. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Oppegård ni ó wà títí di ọdún 2020, nígbà tí wọ́n pa Oppegård pọ̀ mọ́ Ski, aládùúgbò rẹ̀, tí wọ́n sì sọ méjèèjì di Nordre Follo. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn àwọn arìnrìn-àjò nínú ìwé yóò ti gbọ́ orúkọ Roald Amundsen, ẹni tí ó ṣáájú gbogbo ènìyàn dé ìpẹ̀kun ayé ní ìhà gúúsù, ní ọdún 1911. Ní Oppegård yìí ni ilé rẹ̀ wà.

Ilẹ̀ Nọ́rwè kò dàbí ilẹ̀ tiwa rárá. Ní oṣù Kejìlá, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ máa ń lù kí oòrùn tó yọ ní agbègbè Oslo, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Òjò dídì a bo gbogbo ilẹ̀, a funfun báláú. Ẹni tí ó bá jókòó sílé láti ìbẹ̀rẹ̀ irú àkókò bẹ́ẹ̀ títí dé òpin rẹ̀, ara rẹ̀ yóò le gbagidi, ọkàn rẹ̀ yóò sì rẹ̀wẹ̀sì. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé àwọn ènìyàn Nọ́rwè fẹ́ràn eré ìdárayá púpọ̀, àti pé ó ṣòro láti rí ìlú tàbí abúlé kan níbẹ̀ tí kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ní ọdún 1915 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Kolbotn Idrettslag sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ yìí, idrettslag, ni mo fẹ́ kí a tú wò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ eré ìdárayá, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí a ń gbọ́ orúkọ wọn nínú ìròyìn, tí olówó kan lè rà bí ẹni ra ilé. Kò sí ẹni tí ó ni idrettslag bí kò ṣe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn. Wọ́n ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Wọ́n ń péjọ lọ́dọọdún bákan náà láti yan àwọn olóyè ẹgbẹ́, kí a sì ka ìṣirò owó sí etí gbogbo ènìyàn. Kì í sì í ṣe eré kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe. Ní Kolbotn, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, àwọn kan ń sá eré ìje. Nígbà òtútù, àwọn kan a so pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, wọn a sì máa yọ̀ lọ geerege lórí òjò dídì. Ọmọ kan náà lè gbá bọ́ọ̀lù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì yọ̀ lórí òjò dídì nígbà tí òtútù bá dé, kí aṣọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sì wà lọ́rùn rẹ̀ ní ìgbà méjèèjì.

Ta ni ń ṣe iṣẹ́ inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn òbí àti àwọn ará ìlú ni, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ìyá ọmọ kan lè ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, kí ó mu tíì, kí ó sì jáde lọ kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ní bọ́ọ̀lù. Bàbá ọmọ mìíràn lè wà níbi tí a ti ń kó òjò dídì kúrò lórí pápá. Bí ọjọ́ ìdíje bá pé, àwọn òbí a po kọfí, wọn a ṣe àkàrà òyìnbó, wọn a tà á fún àwọn òǹwòran, owó rẹ̀ a sì wọ àpò ẹgbẹ́. Dugnad ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ àjọṣe yìí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ọ̀wẹ̀ àti àáró kò nílò àlàyé púpọ̀. Láyé àtijọ́, bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ilé, a bẹ ẹbí àti ọ̀rẹ́ lọ́wẹ̀. Wọn a po amọ̀, wọn a mọ ògiri, onílé a sì wá oúnjẹ àti ẹmu. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀wẹ̀ ti Kolbotn kì í ṣe ti ilé ẹnìkan. Ti gbogbo ọmọ ìlú ni.

Owó náà ń ti ibòmíràn wá. Láti ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tí ń jẹ́ Norsk Tipping ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní Nọ́rwè. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú yín lọ ta tẹ́tẹ́ o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé èrè rẹ̀ kì í wọ àpò ẹnìkan. Ìjọba ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe pápá àti gbọ̀ngàn ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè náà, títí kan àwọn abúlé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí yóò ya àwọn òbí kan lẹ́nu. Ní ọdún 1987, àjọ tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá ní gbogbo Nọ́rwè ṣe òfin nípa eré àwọn ọmọdé. Ní ọdún 2007, wọ́n kọ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ ní kedere. Ọmọ tí kò bá tíì tó ọdún 11, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ to orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìdíje pé lágbájá ni ó ṣe ipò kìíní, pé tàmẹ̀dù ni ó kẹ́yìn. Ọmọ tí kò bá tíì tó ọdún 13 kò gbọdọ̀ lọ sí ìdíje tí a fi ń wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti yan eré tí ó wù ú, àti láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ ọ. Ẹ lè bi mí pé, “Olùkọ́, ilẹ̀ tí kì í to àwọn ọmọ rẹ̀ ní ipò, báwo ni yóò ṣe rí akọni?” Ẹ ní sùúrù, ìdáhùn rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Bí ẹ ti gbọ́ gbogbo èyí, ẹ lè rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ará Nọ́rwè ti ṣí ìlẹ̀kùn pápá bọ́ọ̀lù fún ọkùnrin àti obìnrin. Rárá o. Ní ọdún 1902 ni wọ́n dá Àjọ Bọ́ọ̀lù Nọ́rwè sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1976 kí wọ́n tó gba bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin wọlé. Ẹ ka iye ọdún tí ó wà láàárín méjèèjì: ọdún 74 ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní 1902 ti di arúgbó kí àjọ náà tó gbà pé ó lè fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe Nọ́rwè nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé ni àwọn àgbà ti ń sọ pé ara obìnrin kò gba irú eré bẹ́ẹ̀, pé kò bójú mu, àti pé kò sí ẹni tí yóò wá wò ó. Àwọn kan kò tilẹ̀ sọ ìdí kankan; wọ́n kàn pa ìlẹ̀kùn dé.

Àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ tì í ṣí. Ní ọdún 1972, ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan ní Oslo, Bækkelaget ni orúkọ rẹ̀, pe àwọn ọmọ láti ìlú gbogbo wá sí ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá kan tí wọ́n sọ ní Norway Cup. Pápá Ekeberg ni wọ́n ti ṣe é, kò sì jìnnà sí Kolbotn. Láti ọdún kìíní ìdíje náà ni wọ́n ti gba ọmọbìnrin láyè, nígbà tí Àjọ Bọ́ọ̀lù kò tíì mọ̀ wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn tí àjọ náà gbà, iṣẹ́ yá kánkán. Ní 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ du ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè fún àwọn obìnrin, ọdún yẹn kan náà sì ni àwọn obìnrin Nọ́rwè kọ́kọ́ wọ pápá ní orúkọ orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn ará Sweden ni wọ́n pàdé, wọ́n sì nà wọ́n ní góòlù 2 sí 1.

Ní ọdún 1986, àjọ FIFA tí ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù lágbàáyé ṣe ìpàdé ńlá rẹ̀ ní Mexico. Obìnrin ará Nọ́rwè kan tí ń jẹ́ Ellen Wille dìde níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó sọ̀rọ̀ ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún àwọn àgbààgbà ọkùnrin wọ̀nyẹn pé àwọn obìnrin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ wọn, ó sì bèèrè pé kí àwọn obìnrin ní Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé tiwọn, kí a sì gbà wọ́n sí Òlíḿpíìkì. Ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sílẹ̀. Ní 1988, wọ́n fi ìdíje kan dán an wò ní ilẹ̀ Ṣáínà, Nọ́rwè ni ó sì gbégbá orókè. Ní 1991, Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn obìnrin wáyé ní Ṣáínà bákan náà. Ní 1996, bọ́ọ̀lù obìnrin wọ Òlíḿpíìkì.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Nàìjíríà wà ní ìdíje ti 1991 yẹn, kò sì sí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé obìnrin kan láti ìgbà náà títí di ti 2023 tí àwọn ọmọbìnrin wa kò lọ. Ìlẹ̀kùn tí obìnrin Nọ́rwè kan kàn ní Mexico, àwọn ọmọ tiwa náà gba ibẹ̀ wọlé. Kì í ṣe pé wọ́n wọlé sórí ìrọ̀rí o! Ní 1995, ní Sweden, Nọ́rwè gbá góòlù mẹ́jọ wọ àwọ̀n Nàìjíríà, a kò sì dá ọ̀kan padà. Nọ́rwè ni ó gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún náà, lẹ́yìn tí wọ́n na Jámánì ní 2 sí òdo. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní 1999, àwọn ọmọbìnrin wa wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ó kù nínú ìdíje náà. Ẹni tí a bá gbà láyè láti ṣubú ni ó lè kọ́ bí a ti ń dìde.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kolbotn. Pápá Sofiemyr ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2002, ìlú kékeré yìí gba ipò kìíní nínú ìdíje líìgì àwọn obìnrin ní gbogbo Nọ́rwè. Wọ́n tún gbà á ní 2005 àti ní 2006. Ní 2007, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Ní sáà 2006 sí 2007, wọ́n wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ gbogbo Yúróòpù: Arsenal láti Lọ́ńdọ̀nù, Brøndby láti Denmark, Umeå láti Sweden, àti Kolbotn. Umeå nà wọ́n gidigidi, wọn kò sì dé àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àwùjọ tí ọmọ ìlú kékeré náà ti bá wọn jókòó!

Solveig Gulbrandsen wà lára àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Kolbotn ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Nọ́rwè tí ó gba wúrà ní Òlíḿpíìkì ọdún 2000 ní Sydney, nígbà tí wọ́n na Amẹ́ríkà ní 3 sí 2. Ní 2006, ó bímọ. Àwọn ibòmíràn ì bá ti sọ pé bọ́ọ̀lù ti parí fún un nìyẹn. Ní 2007, ó padà sórí pápá, ó sì bá orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ṣe ipò kẹrin. Trine Rønning náà gbá bọ́ọ̀lù ní Kolbotn. Ó ju ìgbà 160 lọ tí ó wọ aṣọ Nọ́rwè, òun sì ni balógun ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè náà ní Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2015.

Nísinsìnyí ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn dé. Ọmọbìnrin méjì kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, dàgbà ní Sunndal, ìlú kékeré mìíràn tí òkè yí ká, kí ẹbí wọn tó kó wá sí Kolbotn. Andrine Hegerberg ni ẹ̀gbọ́n, Ada ni àbúrò. Inú irú ẹgbẹ́ tí mo ṣàpèjúwe fún yín yìí ni wọ́n ti kọ́ bọ́ọ̀lù, lábẹ́ òfin tí kì í to ọmọ kékeré ní ipò. Ní 2010, Ada bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn àgbà obìnrin Kolbotn gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì. Ní 2011, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó gbá góòlù mẹ́ta wọlé nínú eré kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ Røa ni ó sì gbá a sí. Kò sí ẹni tí ó kéré tó o tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú líìgì náà. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Stabæk, ó lọ sí Jámánì, ó sì dé Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 2014. Ó bá Lyon gba ife ẹ̀yẹ àwọn akọni Yúróòpù lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti ń fún ọkùnrin ní ẹ̀bùn Bọ́ọ̀lù Wúrà tí à ń pè ní Ballon d'Or. Ní 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ fún obìnrin, Ada Hegerberg sì ni ẹni tí wọ́n fún.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti gba ẹ̀bùn, ó ti sọ fún àwọn ọmọbìnrin gbogbo ayé pé kí wọ́n gba ara wọn gbọ́. Ni ọkùnrin tí ń darí ètò náà bá bi í bóyá ó mọ ijó ìdí jó. Ó ní rárá. Ọkùnrin náà tọrọ gáfárà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wò ó: wọ́n lè fi wúrà lé obìnrin lọ́wọ́ kí wọ́n má sì tíì mọ iyì rẹ̀.

Ní Nọ́rwè pàápàá, ọ̀rọ̀ kò tíì dán tán. Ní 2017, Ada kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ́, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọdún 2022 ni ó tó padà. Ní ọdún 2017 kan náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin Nọ́rwè ṣe ohun tí ó yẹ fún ìyìn. Wọ́n yọ 550,000 krone nínú owó tiwọn fún àwọn obìnrin. Owó ẹgbẹ́ obìnrin orílẹ̀-èdè náà sì kúrò ní mílíọ̀nù 3.1 krone, ó di mílíọ̀nù 6, kí ti ọkùnrin àti ti obìnrin lè dọ́gba. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣá ti kú. Àwọn ọkùnrin Nọ́rwè mọ̀ pé àwọn obìnrin wọn ti pa ejò tí àwọn fúnra wọn kò tíì rí pa: àwọn obìnrin ti gba Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé, àwọn ọkùnrin kò tíì gbà á rí.

Ọmọ tiwa kan náà ti gba irú pápá bẹ́ẹ̀ kọjá. Ní erékùṣù Karmøy, ní ìwọ̀-oòrùn Nọ́rwè, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Avaldsnes, níbi tí àwọn ọba wọn àtijọ́ ti ń gbé. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá ìlú náà jẹ́ idrettslag bíi ti Kolbotn, àwọn obìnrin rẹ̀ sì gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní 2017. Ní ìparí ọdún 2018, Rasheedat Ajibade, ọmọ Mushin ní Èkó, kúrò ní ẹgbẹ́ FC Robo, ó lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ó lo sáà 2019 àti 2020 nínú òtútù náà, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Atlético Madrid ní Spéìn. Nígbà tí Nàìjíríà gba Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn obìnrin ní Morocco ní oṣù Keje ọdún 2025, òun ni balógun wa, òun náà ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù nínú ìdíje náà.

Kí ni a ó wá mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ̀yin òbí, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, tí ọmọkùnrin gbé bọ́ọ̀lù jáde, tí ọmọbìnrin sì gbé garawa omi, ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì, kí àwọn méjèèjì lè rí àyè ṣeré. Iṣẹ́ ilé kì í pa ọmọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí bọ́ọ̀lù ilé-ìwé bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má ṣe gbé e fún àwọn ọmọkùnrin láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Keje, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọbìnrin máa ta tẹ́ń-tẹ́ń lábẹ́ igi. Tẹ́ń-tẹ́ń dára, kí ẹni tí ó bá wù ta á. Ẹ̀yin ará ìlú, a ti ń bẹ ọ̀wẹ̀ kí àwọn ará Nọ́rwè tó kọ́ wa ní dugnad. Bí a bá lè dáwó ṣe òkú, a lè ro pápá kan, kí a ri òpó góòlù méjì mọ́lẹ̀, kí a sì yan àgbàlagbà olóòótọ́ tí yóò máa dúró ti àwọn ọmọ níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, kì í ṣe gbogbo yín ni yóò di Ada tàbí Rasheedat. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Kolbotn kò gba wúrà kankan. Wọ́n di nọ́ọ̀sì, wọ́n di olùkọ́, wọ́n di awakọ̀ ojú irin, ara wọn sì le, wọ́n sì ní ọ̀rẹ́. Nítorí tiwọn ni ìlú náà ṣe la pápá. Láàárín wọn ni akọni ti jáde.